“Presently”: ṣé nísinsìnyí ni, àbí tó bá yá? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà

Akọ̀wé kan ní Ìbàdàn kọ “presently” sínú lẹ́tà, ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ló ń sọ. Àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ́nù sọ ọ̀rọ̀ kan náà, “ẹ ní sùúrù díẹ̀” ló ní lọ́kàn. Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, èyí tí wọ́n ń pè ní King James, ẹ óò tún rí i níbẹ̀, “lójú ẹsẹ̀” ló sì jẹ́. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí wà fún olùkọ́, olùtumọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́.

Kí ni “presently” túmọ̀ sí gan-an?

Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti ìgbà tó sọ ọ́. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, ó sábà máa ń jẹ́ “lójú ẹsẹ̀” tàbí “lọ́gán”. Lẹ́nu àwọn àgbà Ìlú Ọba àti nínú ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì, “láìpẹ́” ni, “tó bá ṣe díẹ̀”. Ní Nàìjíríà, ní Amẹ́ríkà àti ní Skọ́tílándì, “nísinsìnyí” ni, “lọ́wọ́lọ́wọ́”. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó ń kó bá èèyàn ni pé ẹni tó mọ ọ̀kan kì í fura pé òmíràn wà. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro máa ń lé wa lọ sínú atúmọ̀-èdè. Èyí kò lé ẹnikẹ́ni lọ, torí gbogbo wa la rò pé a mọ̀ ọ́n.

Ibo ló ti ṣẹ̀ wá?

Látìnì ni orírun rẹ̀. “Prae” ni iwájú, “esse” ni kí nǹkan wà, “praesens” wá jẹ́ ohun tó wà níwájú ẹni. Èdè Faransé àtijọ́ gbà á, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Faransé, ó di “present”: ọ̀rọ̀ kan náà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń dáhùn nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀. Àfòmọ́ ẹ̀yìn “-ly” ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé.

Ìdáhùn ọmọ ilé-ìwé yẹn ṣe pàtàkì, torí ó fi hàn pé ibi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí kó tó bọ́ sórí àsìkò. Ọ̀kan nínú àwọn ìtumọ̀ àtijọ́ tí “presently” ní, tó ti kú pátápátá báyìí, ni “níbẹ̀ gan-an, fúnra ẹni”. Láti ibi dé àsìkò kò jìnnà: ohun tó wà níwájú rẹ, ìgbà tìrẹ náà ló wà. Yorùbá náà ń fi ọ̀rọ̀ ibi sọ ọ̀rọ̀ ìgbà, àmọ́ ọ̀nà tiwa yàtọ̀, torí “ọjọ́ iwájú” lọ́dọ̀ wa ni ọjọ́ tí kò tíì dé.

Èwo ló kọ́kọ́ dé nínú àwọn ìtumọ̀ náà, èwo ló sì tẹ̀lé e?

Ní ìparí àwọn ọdún 1300 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìtumọ̀ tó rọ̀ mọ́ orírun rẹ̀: “níbẹ̀”, “ní àsìkò yìí”. Nígbà tí wọ́n fi wọ àwọn ọdún 1400, ó ti ń jẹ́ “lójú ẹsẹ̀, láìfi falẹ̀”. Láàárín àwọn ọdún 1500, “láìpẹ́” yọjú, ó sì ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba ipò “lójú ẹsẹ̀” mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Nísinsìnyí” ni ìtàn tirẹ̀ yani lẹ́nu jù. Láti àwọn ọdún 1600, àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ England bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un nínú ìwé. Kò kú o. Ó wà lẹ́nu àwọn ará ìgbèríko, ó sì wà ní Skọ́tílándì, níbi tí wọn kò ti fi í sílẹ̀ rárá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1900, ó tún jáde sí gbangba, pàápàá ní Amẹ́ríkà, inú ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ọ́fíìsì ló sì ti gbilẹ̀ jù. Àwọn kan rò pé àṣìṣe tuntun ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, wọn kò mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń bá wí ju èyí tí wọ́n ń gbèjà lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ fi sọ́kàn pé ọdún tí a rí ọ̀rọ̀ nínú ìwé kọ́ ni ọdún tí wọ́n bí i. Ẹnu ni ọ̀rọ̀ ti ń wà kó tó dé orí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún kan tí ìtumọ̀ kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀: méjì tàbí mẹ́ta ń rìn pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó ń gbọ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ “lójú ẹsẹ̀” ṣe wá di “tó bá ṣe díẹ̀”?

Ìwà àwa èèyàn ló fà á. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í pẹ́ dáhùn, iṣẹ́ ló máa ń pẹ́. Ká ní ọ̀gá kan ní ilẹ̀ England lọ́dún 1550 pe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà á ní òun ń bọ̀ “presently”. Lójú ẹsẹ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ parí bàtà tó ń nù, ó gbé garawa sí igun, lẹ́yìn náà ló tó dìde. Ọmọ kékeré tó jókòó síbẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, kò ní atúmọ̀-èdè lọ́wọ́. Ohun tó gbọ́ àti ohun tó rí ni yóò so pọ̀: wọ́n sọ “presently”, nǹkan falẹ̀ díẹ̀, ẹni náà wá dé. Fún un, ìfalẹ̀ díẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Tó bá dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lò ó, láìsí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ohun kejì ni ẹ̀tọ́. Kò sẹ́ni tó ń dá àgbà lóhùn pé “màá pẹ́ kí n tó dé”. Ọ̀rọ̀ tó yá jù nínú èdè la máa ń mú láti fi ṣèlérí, ìlérí tí kò ṣẹ ló sì ń jẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ run. Bó bá ti gbó tán, a ó mú tuntun. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní ọ̀rọ̀ “kíá” tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ “kíá” mọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Ẹni tó ń bọ́ sóde ló ń sọ fún wa pé “mo ń bọ̀”. Ẹ sì wo “yá”: “ó yá!” ni pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, “yára” ni kí ẹsẹ̀ yá nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wá gba gbèsè tí wọ́n sọ “tó bá yá” fún ti mọ̀ pé òun kò ní rówó gbé lọ sílé lónìí.

Ṣé “presently” nìkan ló rìn ín báyìí?

Rárá, odidi agbo ni wọ́n. “Soon” gan-an, tí gbogbo ọmọ pámárì mọ̀ sí “láìpẹ́”, “sōna” ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ṣáájú ọdún 1066, “lójú ẹsẹ̀” ló sì jẹ́. “Anon” wá láti inú “on ān”, tó ń sọ nípa ọ̀kan, bí ẹni pé “lẹ́ẹ̀kan náà”. Òun náà di “láìpẹ́”, lẹ́yìn náà ló kúrò lẹ́nu èèyàn, inú eré àtijọ́ àti àwàdà ló kù sí. “By and by” ti jẹ́ “lójú ẹsẹ̀” rí, “lọ́jọ́ kan” ló jẹ́ báyìí. “Directly” tó yẹ kó jẹ́ tààrà, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà àti láwọn ìgbèríko England kan, bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ “directly”, ẹ wá àga jókòó.

Lónìí yìí náà, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó ní òun máa ṣe nǹkan “just now” ń sọ pé ó di ìgbà tó bá ráyè. “Now now” wọn ló yá díẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá débẹ̀ yóò ṣi í gbọ́ pátápátá, torí “now-now” tiwa kò gba ìfalẹ̀ kankan: àpètúnpè ni, bíi “kíákíá”, ó sì ń fi agbára kún ọ̀rọ̀.

“Momentarily” gba ọ̀nà mìíràn. “Fún ìṣẹ́jú kan” ló jẹ́ ní Ìlú Ọba, àmọ́ ní Amẹ́ríkà ó tún ti di “láàárín ìṣẹ́jú kan”. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nínú bàlúù pé wọ́n máa balẹ̀ “momentarily” lè máa ronú bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó tún gbéra.

Mo ń ka Bíbélì King James. Báwo ni kí n ṣe ka “presently” níbẹ̀?

Ẹ kà á sí “lójú ẹsẹ̀” níbi gbogbo, ẹ ò ní ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló wà nínú rẹ̀: 1 Sámúẹ́lì 2:16, Òwe 12:16, Mátíù 21:19, Mátíù 26:53 àti Fílípì 2:23.

Ní Mátíù 21:19, Jésù fi igi ọ̀pọ̀tọ́ bú, “and presently the fig tree withered away”. Ẹni tó bá ka “láìpẹ́” síbẹ̀ yóò rò pé igi náà rọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní mọ ìdí tí ẹnu fi ya àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni “parachrēma”, kò ní ìfalẹ̀ nínú. Ẹ tún wo ẹsẹ 20 tó tẹ̀lé e, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ké pé “How soon is the fig tree withered away!” “Soon” ibẹ̀ kì í ṣe “láìpẹ́” tòní. Bí igi náà ṣe yára gbẹ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ní ẹsẹ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, méjèèjì sì ti kúrò níbi tí wọ́n wà nígbà náà.

Ní Mátíù 26:53, Jésù sọ fún Pétérù pé Baba òun lè fún òun ní áńgẹ́lì tó ju líjíónì méjìlá lọ “presently”. “Arti” ni Gíríìkì rẹ̀, ìyẹn “nísinsìnyí”, ní ibi tí idà wà lọ́wọ́ yìí. Bí ẹ bá kà á sí “tó bá yá”, gbogbo agbára ọ̀rọ̀ náà dànù. Ti Fílípì 2:23 ni “exautēs”, “lọ́gán”: bí Pọ́ọ̀lù bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí, kíá ni yóò rán Tímótì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí àwọn olùtumọ̀ ọdún 1611 fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo gbé.

Òwe 12:16 ló ń tan ọmọ Nàìjíríà jù, torí ó bá ìlò tiwa mu: “A fool’s wrath is presently known”. A lè kà á bí ẹni pé ìbínú òmùgọ̀ ti di mímọ̀ báyìí. Ohun tí Hébérù sọ ni pé “ní ọjọ́ náà” gan-an ni ìbínú rẹ̀ ń hàn, kò lè mú un mọ́ra di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ “ọjọ́” yìí náà ló wà ní 1 Sámúẹ́lì 2:16, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ sun ọ̀rá ná.

Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, tí Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde lọ́dún 1881, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Wọ́n fi “immediately” rọ́pò rẹ̀ ní Mátíù 21:19, “even now” ní 26:53, àti “forthwith” ní Fílípì.

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ “by and by” náà. Ó wà ní ibi mẹ́rin: Mátíù 13:21, Máàkù 6:25, Lúùkù 17:7 àti Lúùkù 21:9. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló léwu jù. “The end is not by and by” ń sọ pé òpin kò ní dé lójú ẹsẹ̀. Fi ìtumọ̀ òde òní kà á, yóò jọ ẹni pé òpin kò sí lọ́jọ́ iwájú, èyí tó yí ẹsẹ náà dorí kodò. Ní Máàkù 6:25 ẹ̀wẹ̀, ọmọbìnrin Hẹrọdíà kò ní kí wọ́n gbé orí Jòhánù wá “tó bá yá”. Kíá ló fẹ́ ẹ.

Bíbélì Yorùbá ńkọ́?

Ẹni tó ń ka ti Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. “Lójúkan náà” ni Bíbélì Mímọ́ lò fún igi ọ̀pọ̀tọ́ ní Mátíù 21:19, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì jẹ́ ohun tó jẹ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan nípa àsìkò bá rú yín lójú nínú King James, ẹ ṣí ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń tètè là á.

Ṣé ẹ̀rí mìíràn wà lẹ́yìn Bíbélì pé “lójú ẹsẹ̀” ni?

Ó pọ̀. Èyí tó ṣe kedere jù wà nínú eré Shakespeare tó ń jẹ́ The Tempest, tí wọ́n ṣe níwájú Ọba James fúnra rẹ̀ lọ́dún 1611, ọdún kan náà tí Bíbélì tó ń jẹ́ orúkọ ọba náà jáde. Nínú apá kẹrin, Prospero rán iwin rẹ̀, Ariel, níṣẹ́. Ariel béèrè pé: “Presently?” Prospero dá a lóhùn pé: “Ay, with a twink”, ìyẹn ni pé kí ojú tó ṣẹ́. Ariel náà ní òun á ti ṣe é kí ọ̀gá òun tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ka “tó bá ṣe díẹ̀” síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà ṣì nítumọ̀.

Wọ́n ní àṣìṣe ni kí n kọ “I am presently a student”. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe àṣìṣe. Ìtumọ̀ tó súnmọ́ orírun ọ̀rọ̀ náà jù lẹ ń lò, kò sì fìgbà kan kúrò nínú èdè náà pátápátá. Ẹni tó bá fi igi lé e nínú ìwé yín lè ní òfin ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di òfin èdè.

Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn wà. Títí di ọdún 2018, atúmọ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ American Heritage Dictionary a máa béèrè èrò ìgbìmọ̀ àwọn òǹkọ̀wé àti olóòtú lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Lórí “presently” tó jẹ́ “nísinsìnyí”, ìdajì wọn ló gbà á, ìdajì kò gbà á. Ọ̀rọ̀ tó bá pín àwọn onímọ̀ sí méjì ọgbọọgba báyìí, mo gbà pé kò yẹ ká fi í sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, kì í ṣe torí pé ó burú, torí pé kò sí ìdí láti bá ẹni tó fẹ́ gbà wá síṣẹ́ jà lórí ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ má sì gba ìdáhùn tí àwọn kan máa ń fún wọn padà, pé níwọ̀n ìgbà tí tiwa ti pẹ́ jù, tiwa nìkan ló tọ̀nà. Bí pípẹ́ bá jẹ́ òdiwọ̀n, a jẹ́ pé “soon” kò gbọdọ̀ jẹ́ “láìpẹ́” mọ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí òǹkọ̀wé kan ní lọ́kàn?

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá wà ní àsìkò ìsinsìnyí, bíi “is”, “has”, “lives”, “works”, “nísinsìnyí” ni: “She is presently in Abẹ́òkúta.” Bí “will” tàbí “shall” bá wà níbẹ̀, “láìpẹ́” ni: “The doctor will see you presently.” Bí ìtàn bá ń lọ, tí ọ̀rọ̀ ìṣe sì wà ní àsìkò tó ti kọjá, “nígbà tó ṣe díẹ̀” ni: “Presently the door opened.” Bí ó bá jẹ́ àṣẹ nínú ìwé àtijọ́, “lójú ẹsẹ̀” ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tó jókòó sí. “Nísinsìnyí” sábà máa ń wà láàárín gbólóhùn, nítòsí ọ̀rọ̀ ìṣe. “Láìpẹ́” fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí. Èyí kì í ṣe òfin, àmì lásán ni, ọ̀rọ̀ ìṣe ló lágbára jù.

Níkẹyìn, ọjọ́ orí ìwé náà àti ìlú ẹni tó kọ ọ́. Bí ìwé náà bá ti ṣáájú ọdún 1650, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí “lójú ẹsẹ̀”, kí ẹ sì jẹ́ kí gbólóhùn fúnra rẹ̀ lé yín kúrò níbẹ̀ bí kò bá bá a mu. Bó bá jẹ́ ìtàn àròsọ England ti àwọn ọdún 1800, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí “láìpẹ́”. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn Nàìjíríà tàbí ti Amẹ́ríkà lónìí, “nísinsìnyí” ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé e.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń kùnà ni gbólóhùn bíi “We are presently moving to Lagos.” Àsìkò ìsinsìnyí ni “are moving”, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tún ń lò ó fún ètò ọjọ́ iwájú. Ṣé ẹrù ti wà lórí ọkọ̀ ni, àbí wọ́n ṣì ń gbèrò? Gbólóhùn nìkan kò lè sọ. Ẹ ka èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Èwo ni kí n lò nígbà tí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá?

Fún “nísinsìnyí”, “lọ́wọ́lọ́wọ́” tàbí “báyìí” máa ń dára jù nínú gbólóhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni “ń” nìkan tó: “He is presently teaching” kò ju “ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́” lọ. Ẹ má kọ “ní àsìkò yìí gan-an ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́” bí kò bá sí ohun tí ẹ fẹ́ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, pé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe lánàá, “báyìí” ni kí ẹ fi parí rẹ̀.

Fún “láìpẹ́” nínú ìlérí, “láìpẹ́” tàbí “kò ní pẹ́ mọ́”. Nínú ìtàn, “nígbà tó ṣe díẹ̀” tàbí “nígbà tó yá”. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí olùtumọ̀ kọ “Nísinsìnyí, ilẹ̀kùn ṣí” fún “Presently the door opened”. Etí Yorùbá kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí “nísinsìnyí” kò bá ìtàn àná rìn. Bí ẹ bá rí i pé gbólóhùn yín ń kọ́ lẹ́nu báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ ṣì mú.

Fún ti àtijọ́, “lójú ẹsẹ̀”, “lọ́gán”, “lójúkan náà”.

Kí ni mo lè kọ dípò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í lóye?

Bó bá jẹ́ “nísinsìnyí”, ẹ kọ “now”, “currently” tàbí “at present”. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò pátápátá ná: “I presently live in Ìkẹjà” àti “I live in Ìkẹjà” kò yàtọ̀. Bó bá jẹ́ “láìpẹ́”, “soon” tàbí “shortly”. Èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ ni nọ́ńbà: “in ten minutes”, “by 4 p.m. on Thursday”. Nọ́ńbà kì í gbó bí ọ̀rọ̀.

Ẹ má lo “presently” nínú ìwé àdéhùn, ìwé ilé, tàbí ìtọ́ni oògùn. “The tenant shall presently pay” lè jẹ́ owó òní lójú onílé, kó jẹ́ owó oṣù tó ń bọ̀ lójú ayálégbé, atúmọ̀-èdè yóò sì gbè lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Báwo ni mo ṣe lè fi atúmọ̀-èdè tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn fúnra mi?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bí atúmọ̀-èdè yín ṣe to ìtumọ̀. Oxford English Dictionary, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1884 tí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1928, ọjọ́ orí ló ń tẹ̀ lé. Merriam-Webster náà ń fi èyí tó pẹ́ jù ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ èdè, èyí tí èèyàn ń lò jù lónìí ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ṣí Merriam-Webster, yóò rí ìtumọ̀ kìíní, yóò rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù, nígbà tó jẹ́ pé òun ló lè ti kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀. “Archaic” ni èyí tó kù nínú ìwé àtijọ́, “obsolete” ni èyí tó ti kú. Ẹ ka àwọn àpẹẹrẹ gbólóhùn pẹ̀lú ọdún wọn, ẹ má kan ka àlàyé. Àpẹẹrẹ ni ẹ̀rí, àlàyé jẹ́ èrò olóòtú. Bí ẹ bá rí àlàfo gígùn láàárín ọdún àpẹẹrẹ méjì lábẹ́ ìtumọ̀ kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà sá pamọ́ sí ìgbèríko, bíi “presently” tó jẹ́ “nísinsìnyí”.

Fún ìdánrawò, ẹ wá “anon”, “directly” àti “soon” lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kọ ọdún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kan. Bí wọ́n ṣe ń yọ̀ tẹ̀ lé ara wọn yóò hàn sí yín.

Ará Ìlú Ọba kan sọ “presently” fún mi lórí fóònù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè aago tó ní lọ́kàn.